Àyẹ̀wò A Glossary of Literary Terms ti M. H. Abrams: ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìwé yìí, tó ń ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀-ìperí lítíréṣọ̀, sábà máa ń ṣí i bí ẹni ṣí díkíṣọ́nárì. Á wá metonymy lọ sí abẹ́ lẹ́tà M, kò ní bá àlàyé rẹ̀ níbẹ̀, á sì rò pé ìwé náà ò pé. Ìwé náà pé. Abẹ́ figurative language, ìyẹn èdè tí a kò lò ní ìtumọ̀ rẹ̀ tààrà, ni àlàyé ọ̀hún wà, òun àti simile, metaphor, synecdoche àti personification (fífi ìwà èèyàn fún ohun tí kì í ṣe èèyàn), gbogbo wọn nínú àròkọ kan ṣoṣo. Bí Abrams ṣe tò ó nìyẹn láti ìgbà tí ẹ̀dà tirẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní 1957, Geoffrey Galt Harpham tó wá bá a kọ àwọn ẹ̀dà ìkẹyìn ò sì yí i padà. Nítorí náà, atọ́ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ tó wá lọ sí ojú ìwé tó bá júwe. Bí ẹ bá débẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà dúdú kìkì tẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń túmọ̀ lọ́wọ́. Èyí tí lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní àlàyé tirẹ̀ níbòmíràn.

Ìtò yìí dára, torí pé àwọn ọ̀rọ̀-ìperí lítíréṣọ̀ kì í yéni lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn la máa ń rí ààlà àárín wọn. Simile, tí a ń pè ní àfiwé tààrà, máa ń lo like tàbí as. Metaphor, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, kì í lò ó. Ìyẹn ò le. Metonymy àti synecdoche ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá wò ó. Bí a bá ní ẹnì kan gorí ìtẹ́, ìtẹ́ kì í ṣe ara ọba, ohun tó ń bá ọba rìn ni. A wá fi orúkọ rẹ̀ dúró fún oyè. Metonymy nìyẹn. Nínú owó-orí ẹ̀wẹ̀, orí jẹ́ ẹ̀yà ara ẹni tó ń san owó. A fi ẹ̀yà kan pe odidi èèyàn. Synecdoche nìyẹn. Ìbéèrè kan ló ń yà wọ́n: ṣé ara nǹkan náà ni, àbí ohun tó kàn ń bá a rìn?

Àròkọ tó gbayì jù nínú ìwé náà, lójú tiwa, ni èyí tó wà lábẹ́ meter, ìyẹn bí ohùn wíwúwo àti fífúyẹ́ ṣe ń tò tẹ̀léra nínú ìlà ewì. Ibẹ̀ gan-an sì ni àwa elédè Yorùbá máa ń kọsẹ̀ sí, torí pé ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín la fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹ wo ìlà yìí, tí a ṣe fún àpẹẹrẹ: The rain came down upon the silent road. Ọ̀rọ̀ 8 ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n sílébù ni kí ẹ kà, ẹ ó sì rí 10. Ẹ wá fi àmì sórí ibi tí ohùn ti wúwo: rain, down, -pon nínú upon, si- nínú silent, road. Fífúyẹ́ kan, wíwúwo kan, léraléra. Méjì-méjì yẹn ni foot, irú èyí ni iamb, márùn-ún sì ló wà lórí ìlà: iambic pentameter.

Ohun méjì ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Èkíní, kí èèyàn máa ka ọ̀rọ̀ dípò sílébù. Èkejì, kí ó ti pinnu pé iambic ni, kó wá máa fi tipátipá tẹ ibi tí kò yẹ. Bí ìlà náà bá di Silent, the road lay empty in the rain, sílébù 10 ló ṣì jẹ́, àmọ́ wíwúwo ló ṣíwájú nínú foot àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní trochee. Akéwì ò ṣàṣìṣe. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí silent kọ lu etí kíákíá ni. Abrams ṣàlàyé irú ìyípadà báyìí dáadáa. Bí ẹ bá ṣiyèméjì nípa ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti wúwo, díkíṣọ́nárì Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ wò, ẹ má fi etí mú un.

Ẹ rántí nínú ọ̀rọ̀ alliteration náà, ìyẹn kí ìró kan náà máa bẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí ara wọn, pé ìró la ń wò, kì í ṣe lẹ́tà: phone àti fire bára mu, city àti cat kò bára mu.

Àlàyé irony, níbi tí ohun tí a sọ tàbí tó hàn ti yàtọ̀ sí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, náà jinlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ eiron, ẹ̀dá inú eré apanilẹ́rìn-ín àwọn Gíríìkì tó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́n, kó tó wá ya dramatic irony, níbi tí òǹwòran ti mọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn ò mọ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára sarcasm tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé gbangba. Kí nǹkan méjì kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn kì í ṣe irony rárá.

Tone àti mood nìkan ni ìtò ìwé yìí pín níyà lọ́nà tí kò ran ọmọ tuntun lọ́wọ́. Tone wà pẹ̀lú persona àti voice. Mood wà lábẹ́ atmosphere. Ẹ kà wọ́n pọ̀. Ìtàn lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé ọ̀fọ̀ tó pa rọ́rọ́, kí asọ̀tàn sì máa fi ohùn yẹ̀yẹ́ sọ ọ́: ìparọ́rọ́ yẹn ni mood, yẹ̀yẹ́ yẹn ni tone.

Àbùkù rẹ̀ wà. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, púpọ̀ nínú àpẹẹrẹ rẹ̀ wá láti inú ewì àtijọ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè má tíì kà, àwọn àròkọ lórí tíọ́rì, bíi deconstruction, sì wúwo; ẹ fo àwọn yẹn ná. Kò yẹ fún ẹni tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀la. Ẹni tó fẹ́ ìtumọ̀ kúkúrú kíákíá àti bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ tó le, ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí lítíréṣọ̀ ti Chris Baldick, tí Oxford kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1990, ni kó mú.

Bí ẹ bá ń kà á, ẹ má da ìtumọ̀ rẹ̀ kọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín kọ ọ́ ní ìlà kan, ẹ wá ìlà kan nínú ìwé tí ẹ ń kà lọ́wọ́ tó bá a mu, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣe fún òǹkàwé. Apá kẹta yìí ni máàkì wà, òun náà ni ọ̀pọ̀ máa ń fò: wọ́n á kọ pé metaphor ni, wọ́n á dúró síbẹ̀.

Ní ti ẹ̀dà tó yẹ ní rírà, ẹni tí ewì, eré-oníṣe àti ìtàn àròsọ bá ká lára lè ra ẹ̀dà àtijọ́ tí ẹlòmíràn ti lò, torí iambic pentameter kò yí padà. Kó sáà rí i pé atọ́ka ẹ̀yìn ìwé ò tíì ya.