Bátìrì wo ni wọ́n já? Ohun tí ojú mi rí ní ọgbà tí a gbé motorhome wa pamọ́ sí ní Kent, England

Bátìrì tí mo sanwó pé kí wọ́n já, wọn ò fọwọ́ kàn án. Èyí tí mo kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́, òun ni wọ́n já, tí wọ́n tún fi téèpù dúdú wé lórí dáadáa. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìbínú ọ̀hún ò sì tíì tán pátápátá bí mo ṣe ń kọ èyí.

Fún ẹni tí ò ní motorhome, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé lé lórí: orí Fiat Ducato ni wọ́n kọ́ ilé tiwa lé, bátìrì méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Bátìrì ẹ́ńjìnnì ló ń sítáátì ọkọ̀. Abẹ́ ilẹ̀ iwájú ló wà, níbi tí èrò ń gbé ẹsẹ̀ lé; àfi kí ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kí ẹ sì tú ìdérí kí ẹ tó rí i. Èkejì ni bátìrì inú ilé, tó ń gbé gílóòbù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Abẹ́ ìjókòó nìyẹn wà ní tiwa, sólà orí òrùlé ló ń bọ́ ọ. Ti ẹ́ńjìnnì ló yẹ kí ẹ já tí ọkọ̀ bá máa pẹ́ nílẹ̀, torí sólà tiwa ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀, àláàmù, rédíò àti tírákà ń mu ún díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nílé, ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò á pe rẹwáyà, wọ́n á já orí bátìrì, ó parí. Èmi náà rò pé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni tó ń gbowó lé e lórí mọ̀ ni.

Ìbàdàn la máa ń wà láti Oṣù Kọkànlá títí òtútù á fi rọ̀ ní Oṣù Kẹta. Ìdí nìyẹn tí a fi gba ààyè ní ọgbà yìí. Wọ́n ní àmì góòlù CaSSOA, ẹgbẹ́ àwọn tó ni irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní Britain, àmì náà sì yẹ wọ́n: géètì tó le, kámẹ́rà níbi gbogbo, òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀ tí ẹrẹ̀ ò fi lè mú táyà. Lórí ààbò, mi ò ní ẹ̀sùn kankan. Wọ́n wá ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń gba £45 fún lọ́tọ̀: wọ́n á já bátìrì ẹ́ńjìnnì, wọ́n á máa yẹ táyà wò, wọ́n á sì tún bátìrì so kí ẹ tó dé. Mo san án. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí fọ́ọ̀mù wọn pé ti ẹ́ńjìnnì nìkan.

Nígbà tí a dé, bàbá àwọn ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ò tiẹ̀ húkọ́. Iná kan ò tàn níwájú rẹ̀. Mo ní bóyá wọ́n gbàgbé láti tún un so. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo tú ìdérí. Orí nẹ́gétíìfù wà níbẹ̀ gbọin. Eruku orí ìdè rẹ̀ ò ṣí, ìyẹ̀fun funfun tó máa ń hù létí bátìrì sì ti so nọ́ọ̀tì mọ́ òjé. Kò sí sípánà tó kan ibẹ̀ rárá. Mo fi mítà sí i, ó ní fóólútì 8.9. Bátìrì tó kún tó sì sinmi, nǹkan bí 12.7 ló máa ń jẹ́. Tó bá ti di 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyí ti kú. Ìgbà tí mo gbé ìjókòó ni mo rí téèpù dúdú yẹn lórí bátìrì inú ilé. Wọn ò sì kọ́kọ́ já sólà kí wọ́n tó já a, èyí tó lè ba ẹ̀rọ tó ń ṣètò iná sólà jẹ́.

Mo lọ sí ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ wo kọ̀ǹpútà, ó ní wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti já a. Mo ní èwo ni wọ́n já? Ó ní “bátìrì.” Mo tún un bi, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá pe máníjà. Ìyẹn ò dìde lórí àga, kò wo fọ́tò tí mo yà. Ó ń rọra po tíì rẹ̀, ó ní òtútù máa ń pa bátìrì, pàápàá èyí tó bá ti dàgbà. Mo ní òtútù ń dín agbára bátìrì kù lóòótọ́ tí ẹ bá fẹ́ sítáátì, ṣùgbọ́n bátìrì tó kún kì í dì títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 60 sísàlẹ̀ òdo, Kent ò sì tutù tó bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tí iná ti tán nínú rẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ń di yìnyín ní ìwọ̀n díẹ̀ péré sísàlẹ̀ òdo. Ó ní òun á ní kí wọ́n bá wa jọ́ǹpù ú, £25. Kí n sanwó kejì lórí àṣìṣe wọn! Mo ní rárá, mi ò sì kúrò níwájú tábìlì rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin wọ́kṣọ́ọ̀bù wọlé. Ó wo orúkọ mi lórí fọ́ọ̀mù, ó wo ojú mi, ó fi ìka kan ilẹ̀ tòun ti aṣọ iṣẹ́ tó kún fún ọ́ìlì. “Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i fúnra mi kí n tó sọ̀rọ̀.” Ohùn Ẹ̀gbá ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó lọ wò ó, ó padà, ó sì sọ ọ́ lójú máníjà pé wọ́n ṣì í já ni, pé ẹni tí wọ́n gbà fúngbà díẹ̀ nígbà tí òun wà ní ìsinmi ló ṣe é. Ó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, ó fọwọ́ sí i. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo rí ìyẹn.

Ó fi ṣájà sórí bátìrì mọ́jú. Kò dìde mọ́. Bátìrì ẹ́ńjìnnì ò fẹ́ kí iná inú rẹ̀ tán pátápátá, torí òjé pẹlẹbẹ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Agbára ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ó gbé tuntun sí i, lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mi ò bẹ̀ ẹ́ kó ṣe. Ó fi mítà sáàárín wáyà nẹ́gétíìfù àti bátìrì, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó ní kí a má fọwọ́ kan ohunkóhun títí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fi sùn. Nọ́ḿbà ga, ó wálẹ̀, ó dúró sí áńpì 0.06, ìyẹn iná tí ọkọ̀ ń mu nígbà tó bá wà nílẹ̀. Ó ní, “Mà, tó bá ń jẹ báyìí, bátìrì áńpì-wákàtí 95 ò lè ju oṣù méjì àti díẹ̀ lọ.” Ó ń yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ohun tó ń mu ún. Tírákà nìkan ń jẹ bí ìdajì.

Ó wá bi mí pé, “Ìnṣọ́ránsì yín ńkọ́, mà? Ṣé wọn ò ní kí tírákà máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà?” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́. Nínú gbogbo wọn ní ọgbà yẹn, kò sí ẹni tó ti bi mí léèrè yìí rí, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó wà lókè fọ́ọ̀mù wọn. Ó gbé wáyà tírákà lọ sórí bátìrì inú ilé tí sólà ń bọ́, ó fi súwíìṣì kan sórí nẹ́gétíìfù ti ẹ́ńjìnnì, ó kọ́ mi bí màá ṣe máa pa á: kí n yọ kọ́kọ́rọ́, kí n dúró ìṣẹ́jú mélòó kan kí kọ̀ǹpútà parí ohun tó ń kọ sílẹ̀, kí n fi kọ́kọ́rọ́ ti àláàmù pa àláàmù náà kó má baà máa ké, torí ó ní bátìrì tirẹ̀ nínú. Tó bá sì di pé kí n fi sípánà já a, nẹ́gétíìfù ni kí n kọ́kọ́ já, òun ni kí n so gbẹ̀yìn, kí sípánà má baà kan irin ọkọ̀ nígbà tí mo bá wà lórí pọ́sítíìfù, kó sì ṣáná.

Ọ́fíìsì dá £45 padà. Wọ́n ní ìdajì owó bátìrì tuntun làwọn á san, mo sì kọ lẹ́tà léraléra kí wọ́n tó san án. Títí di òní, máníjà yẹn ò tíì sọ pé “ẹ jọ̀ọ́.” Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Nígbà tí a dé láti Ìbàdàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo yí súwíìṣì, mítà ní 12.6, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Rédíò béèrè kóòdù, ọmọ yẹn ti kọ ọ́ sínú káàdì fún mi. Aago nìkan ni mo tún ṣe, àti gíláàsì fèrèsé tó fẹ́ kí a tún kọ́ ọ bí á ṣe máa gòkè fúnra rẹ̀. Inú mi dùn tí mo fi pariwo.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Tó bá jẹ́ wọ́kṣọ́ọ̀bù nìkan ni, 5 ni ǹ bá fún un. Mo ti san owó ààyè ti ọdún yìí. Bátìrì ni mi ò ní kí wọ́n bá mi fọwọ́ kàn mọ́, àyàfi tí ọmọ Ẹ̀gbá yẹn bá wà lẹ́nu iṣẹ́.