Pátákó ẹgbẹ́ wa lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ẹ̀rọ CNC ní Ìjẹ̀bú-Òde

Kí n ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì: ẹ̀rọ CNC (ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ igi) tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ yìí kò tóbi, kò sì tuntun. Ohun tí mo fi ń yìn wọ́n ni pé wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ fọwọ́ kan igi títí wọn yóò fi yẹ fáìlì àwòrán wò fínnífínní.

Pátákó rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) wa fún Ojúde Ọba ni mo gbé lọ. Ọjọ́ kẹta Iléyá kì í yẹ̀, nítorí náà kò sí àyè eré. Igi ọ̀mọ̀ la rà ní sọ́míìlì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó rọ̀ fún gbígbẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù.

Bíi ti ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé, CorelDRAW ni mo fi ya àwòrán. Wọn ò gba CDR, ìyẹn fáìlì Corel fúnra rẹ̀; fáìlì DXF tàbí SVG, tó ń gbé ìlà, ni wọ́n ń fẹ́. Fọ́tò orí WhatsApp ńkọ́? Wọn ò tilẹ̀ ní ṣí i. Ìlà ni ẹ̀rọ ń tọ̀, fọ́tò kò sì ní ìlà kankan nínú, àwọ̀ tóótòòtóó lásán ni. Àwọn lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti di ìlà (Ctrl+Q ni nínú Corel), torí fọ́ǹtì (irú lẹ́tà tí ẹ fi kọ ọ́) yín lè má sí lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Ìlà gbọ́dọ̀ pàdé ara wọn, kí ìkan má sì gorí ìkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bíìtì (irin ẹnu ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi) á gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tún ní kí ẹ ya igun mẹ́rin ọgbọọgba tó jẹ́ 100 mm sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yín. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣejù ni. Ṣùgbọ́n DXF lè gbé nọ́ńbà dé láìsọ bóyá íǹṣì ni tàbí mìlímítà, bí kọ̀ǹpútà bá sì ṣì í mú, iṣẹ́ á fi ìlọ́po 25.4 tóbi tàbí kéré sí i. Wọ́n á wọn igun mẹ́rin yẹn, ọ̀rọ̀ parí.

Ibi tí iṣẹ́ wà fún àwa tí à ń kọ Yorùbá ni àmì. Lẹ́tà ọ ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode (àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò), ọ́ kò ní. Àmì ohùn ni wọ́n ń gbé lé ọ lórí, fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe dáadáa á sì gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó sọ ọ́ di ìlà lẹ ti gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Èyí tó tún le jùyẹn ni àmì abẹ́. Bíìtì tó fẹ̀ ní 6 mm kò lè wọ inú àmì tó fẹ̀ ní 4 mm, ẹ̀rọ á kàn fò ó láìsọ̀rọ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ náà hàn mí lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gẹ́ ohunkóhun, ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo abẹ́ ‘Ẹgbẹ́’ yín, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.” Ní tòótọ́, “Egbé” ló wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó kí a gbé ìyẹn kọjá níwájú Awùjalẹ̀!

Bíìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi rọ́pò bíìtì 6 mm náà. Níbi tí ìlà bá ti tín-ín-rín, kì í wọlẹ̀ jìnnà. Níbi tó bá ti fẹ̀, ó ń wọlẹ̀ sí i. Gbogbo àmì ló jáde, igun lẹ́tà sì mú, èyí tí bíìtì 6 mm ì bá sọ di róbótó. Àléébù rẹ̀ ni pé igi gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Pákó sọ́míìlì kì í sábà dọ́gba, níbi tó bá sì ti ga, lẹ́tà á sanra ju ti ìyókù lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ náà ha ojú igi wa kó tẹ́jú kó tó kan lẹ́tà, wọ́n sì gbowó rẹ̀, kò burú.

Wákàtí ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣírò owó, kì í ṣe bí pátákó ṣe tóbi tó. Lẹ́tà tó wọnú igi kò wọ́n. Èyí tó yọ sókè ló ń gbowó, torí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gẹ́ gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká kúrò.

Èmi náà ní ẹ̀sùn. Tí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ kì í mọ ibi tó wà mọ́, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, oníbàárà ló sì ń ra epo. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ nígbà tí a ń dúnàádúrà. Wọn kì í fi sáńpépà kùn ún, ẹ óò fúnra yín wá káfíńtà. Lásìkò ìdánwò, wọ́n ń tilẹ̀kùn; bí Iléyá bá sì ti ń sún mọ́, èrò á kún ibẹ̀.

Màá tún padà lọ. Pátákó ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó wa ló kàn, lẹ́tà tó yọ sókè ni wọ́n ní àwọn ń fẹ́, kí wọ́n yáa tètè máa dáwó.