Mac àbí Windows: kọ̀ǹpútà wo ni kí ayafọ́tò rà?

Òkun o. Lightroom àti Photoshop tá a fi ń tún fọ́tò ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ọ̀rọ̀ iná ló jù. Ní Kábà níbí, iná lè lọ láàárọ̀ Sátidé kó má dé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. MacBook Air, Mac alágbèéká tí Apple gbé jáde ní 2020 pẹ̀lú ṣíìpù M1 (ọpọlọ ẹ̀rọ náà), kò ní fáànù rárá. Orí itan ni mo gbé e lé tí mo fi tún fọ́tò ìgbéyàwó kan tá a yà ní ìlú Ìyàrá ṣe. Mi ò tan jẹnẹrétọ̀ títí mo fi parí. Windows mi ńkọ́? Kó tó pé wákàtí méjì, ó ti ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, bátìrì ti tán.

Àmọ́ ẹ rọra ná. RAM Mac yẹn (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) kò ṣeé yọ: 8GB tẹ́ ẹ bá rà, òun náà lẹ máa lò lọ. Windows tèmi, mo tú ìdí ẹ̀, mo fi 8GB kún un, ó di 16. (Kì í ṣe gbogbo wọn ló gba irú ẹ̀ o, ẹ bi ẹni tó ń tà á.)

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, tówó ò sì tó, kó ra Windows. Tèmi ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi báyìí.