Òjò ti yẹ̀ ẹ́ wò: láìmù tí mo fi kun ilé àtijọ́ wa ní Láfíàjí

Ẹni tó bá ń kánjú lè mú ìdájọ́ mi kó máa lọ: tí ilé yín bá jẹ́ ilé àtijọ́, tí wọ́n fi amọ̀ tàbí bíríkì kọ́ kí búlọ́ọ̀kù tó gbòde, tí ẹsẹ̀ ògiri sì ń mu omi, ẹ fi pẹ́ńtì emulsion sílẹ̀, ẹ lọ ra láìmù, lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n ń rí láti ara òkúta tí wọ́n sun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sùúrù, ẹ jókòó. Láìmù náà ní ìwà tirẹ̀, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín.

Ilé ẹbí wa ni ilé tí mò ń sọ, ní Láfíàjí ní Erékùṣù Èkó, apá ibi tó súnmọ́ Campos. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú ní Bùràsíìlì padà wálé, ló kọ́ ọ. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé kó sì na ẹsẹ̀. Orí fèrèsé ṣe róbótó, òdòdó tí wọ́n fọwọ́ mọ sì wà lára ògiri iwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ti bọ́ dànù. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti Bùràsíìlì padà wálé àti àwọn ọmọṣẹ́ wọn ló ń kọ́ irú ilé báyìí nígbà náà. Ọwọ́ wọn náà ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. João Baptista da Costa ni ọ̀gá tó darí iṣẹ́ yẹn, Àgùdà ni. Ẹni tó bá ti gba òpópónà Kákáwà kọjá, tó wo Ilé Olómi dáadáa, á mọ irú ògiri tí mò ń wí. Ìsàlẹ̀ ni ẹbí fún mi: pálọ̀, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó já sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ilé ìdáná àti kànga wà. Wọ́n ní kí n tún un ṣe kí n máa gbé ibẹ̀, pé owó àtúnṣe ni owó ilé mi.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo ògiri báyìí? Ògiri tó ń bó ni wọ́n fi ń pa irú ilé wọ̀nyí. Ìpàdé ẹbí kì í kọjá kí ẹnìkan má tọ́ka sí ibi tí pẹ́ńtì ti ṣí, kó ní, "Ṣé ẹ rí i, ilé yìí ti gbó, ẹ jẹ́ ká fún dẹfẹ́lọ́pà." Gbogbo ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń parí. Ilé Ilọ́jọ̀ tó wà ní Tinúbú ńkọ́? Láti nǹkan bí 1855 ló ti wà níbẹ̀, ìjọba kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní 2016. Tí wọ́n bá lè wó ìyẹn, ta ni yóò bẹ̀bẹ̀ fún tiwa? Nítorí náà mo mú ọ̀rọ̀ ògiri ní ọ̀rọ̀ ìjà.

Kí n tó kó dé, ẹbí ti gba ilé iṣẹ́ kan tó ń ta pẹ́ńtì tí wọ́n ní omi kò lè wọ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Àwọn wọ̀nyẹn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri yíká dé ìbàdí, wọ́n ṣe screeding lé e (wọ́n fá nǹkan rírọ̀ sí ojú rẹ̀ kó lè jọ̀lọ̀), wọ́n wá fi pẹ́ńtì aláwọ̀ wàrà tó ń dán kun gbogbo rẹ̀. Ó dára lójú, mi ò ní purọ́. Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tí pẹ́ńtì fi wú. Ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, omi inú rẹ̀ á yí síbòmíràn lábẹ́ awọ pẹ́ńtì náà. Nígbà tó yá ó là, ó sì ń ṣí bọ́ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, nǹkan funfun kan tó rí bí òwú sì hù sí ojú ibi tó ṣí. Mo tọ́ ọ wò: iyọ̀ ni. Bàtà awọ tí wọ́n fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù bu. Nígbà tí ẹbí pè wọ́n pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ wọn, èsì tí wọ́n fọ̀ ni pé ilé ló gbó.

Ilé kọ́ ló lẹ́bi. Orí iyanrìn ni Erékùṣù Èkó jókòó lé, ọ̀sà ló yí i ká, ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ kò ní gbẹ́ jìnnà kó tó kan omi. Àwọn tó kọ́ ilé àtijọ́ kò tẹ́ nǹkankan sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri tó lè dá omi dúró. Omi ilẹ̀ á máa fà gòkè nínú ihò wẹ́wẹ́ tó wà nínú bíríkì, àwọn àgbà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi láìmù rẹ́ ògiri, tí wọ́n sì ń fi láìmù kun ún. Omi á gòkè díẹ̀, á gba ojú ògiri jáde, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá wá fi sìmẹ́ńtì àti pẹ́ńtì onírọ́bà dí ojú ibẹ̀ pa, omi kò dúró, ọ̀nà ni kò rí. Á tún gòkè sí i títí tó fi máa rí ibi tí yóò yọ sí. Iyọ̀ tó bá a rìn á dì sábẹ́ pẹ́ńtì, á sì tì í kúrò. Sìmẹ́ńtì tilẹ̀ le ju irú ògiri bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá bọ́, á já bíríkì mọ́ra. Ilé wa ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Kí ló fẹ́ fi sìmẹ́ńtì ṣe?

Ọ̀rọ̀ rírà. Ọjà kẹ́míkà tó wà ní Ọjọ́ta ni mo ti rà á, àpò kílò 25. Àwọn tó ń sin ẹja máa ń lò ó nínú odò ẹja wọn, àwọn tó ń tọ́jú omi náà ń lò ó, nítorí náà kò ṣọ̀wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti gbọ́dọ̀ la ojú yín. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń pè ní láìmù. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ òkúta tí wọ́n kàn lọ̀ kúnná, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko; ìyẹn kò lè di ògiri mú láéláé. Èkejì ni èyí tí wọ́n sun tí wọn kò tíì bu omi sí. Tí omi bá kàn án á hó gbùgbù bí omi àmàlà, ẹ má fi ọwọ́ kan án. Ẹ̀kẹta ni tiwa: wọ́n sun ún, wọ́n sì ti pa á pẹ̀lú omi, ó wá di lẹ́búlẹ́bú funfun tó fúyẹ́. "Hydrated lime" ni wọ́n ń kọ sára àpò rẹ̀. Ọkùnrin tí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míkà fẹ́ gbé ti àgbẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí díẹ̀ nínú èyí tó bù fún mi. Ó ru fùú. Èyí tí a ń wá kì í ru tó bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ tuntun. Ó wo ojú mi, ó wọlé lọ gbé àpò mìíràn jáde.

Àwọn pẹ́ńtà tí mo kọ́kọ́ pè rẹ́rìn-ín mi. Bàbá bíríkìlà kan tó ń gbé ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni kò rẹ́rìn-ín. Bó ṣe wọlé, ó fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri, ó gbọ́ bó ṣe ń dún kóróbo, ó ní, "Wọ́n ti de ilé yìí ní ẹnu. Ẹ jẹ́ ká tú u." Wọ́n gbẹ́ gbogbo sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri dànù, wọ́n fá pẹ́ńtì àtijọ́ kúrò títí dé ojú ìrẹ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ yẹn ló gba àkókò jù, òun náà ló sì gba owó jù, torí láìmù kì í lẹ̀ mọ́ pẹ́ńtì emulsion. Tí ẹ bá kùn ún lé e, á gbọ̀n dànù bí èèpo. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fi ògiri sílẹ̀ kó mí. Bàbá kò gbà kí ẹnikẹ́ni kan án títí ibẹ̀ fi gbẹ. Nígbà náà ni wọ́n po láìmù kan mọ́ iyanrìn mẹ́ta fún rírẹ́, iyanrìn odò tí wọ́n fọ̀, kì í ṣe ti etí òkun, torí iyọ̀ tí à ń sá fún wà nínú ìyẹn.

Kíkùn ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n ti rẹ láìmù sómi nínú dírọ́ọ̀mù ṣáájú, ó sì ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Bàbá bu díẹ̀, ó là á sómi títí tó fi ṣàn bíi wàrà, ó wọ́n omi sára ògiri, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kùn ún. Mo wò ó, mi ò rí nǹkankan. Ògiri kàn tutù ni. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kó ki díẹ̀?" Ó ní, "Ẹ lọ jẹun, kẹ́ ẹ padà wá." Nígbà tí mo padà dé, apá tó ti ń gbẹ ti ń funfun bọ̀ láti òkè, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì ń wọ inú rẹ̀, kò dán, ó kàn rọ̀ lójú. Láìmù ń gba carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń padà di òkúta, ìdí tí kò fi yẹ kó ki nìyẹn, tí kò sì yẹ kó yára gbẹ. Bó bá ki, á sán. Ìpele mẹ́rin sí márùn-ún ni ògiri ń fẹ́, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó fi òmíràn lé e. Ẹ má ṣe é nígbà ọyẹ́ líle.

Àwọ̀ ńkọ́? Màmá àgbà tó ń gbé òkè ló bí mi léèrè, ó dúró sórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Ọmọ mi, funfun báyìí? Ṣé ilé Ọbàtálá lo fẹ́ gbé ni?" Mo ní rárá o, màmá. Mo lọ bá àwọn tó ń ṣe òkúta interlocking, mo ra oxide pípọ́n àti oxide aláwọ̀ yẹ́lò lọ́wọ́ wọn, ìyẹn tí wọ́n fi ń pa sìmẹ́ńtì láró. Àwọ̀ yẹn kì í ṣá nínú láìmù. Èyí tó wà fún pẹ́ńtì lásán lè parẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára igun kan, torí tó bá tutù á dúdú, tó bá gbẹ á mọ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, pálọ̀ jẹ́ yẹ́lò tó rọ̀. Pẹ́ńtì àwọn ilé Àgùdà kò fi ìgbà kankan jìnnà sí irú àwọ̀ yẹn.

Ibi tí láìmù ti ń múnú bí mi: ó máa ń fín mọ́ aṣọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ dàbí ẹni tó sùn sínú àpò ìyẹ̀fun. Ó ti dín kù báyìí tó ti le, àmọ́ kò tíì tán. Ẹ kò lè fi kànìnkàn nù ún bíi ti pẹ́ńtì aládán, nítorí náà mi ò jẹ́ kó dé ilé ìdáná. Epo pupa tó bá ta sí i lára, títún un kùn ló kù. Ó máa ń jẹ awọ ara. Bàbá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó sì fi gọ́gùlù bojú, kò sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan ṣe é láìṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ta sójú yín, ẹ bu omi sí i gidigidi, ẹ gba ọsibítù lọ, kò sí àkókò àwàdà níbẹ̀.

Kì í sì í wo gbogbo àrùn. Páànù tó ń jò àti gọ́tà tó ń da omi sára ògiri ni mo kọ́kọ́ tún ṣe, kò sí láìmù tó lè bá yín gba ìyẹn. Ògiri yàrá kejì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀ ará ilé kejì, kò tíì gbà. Omi tó ń ti ibẹ̀ wá pọ̀ ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ, à ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí páìpù wọn.

Àmọ́ òjò ńlá ti rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, òjò mìíràn ti tún bẹ̀rẹ̀, àwọn ògiri yòókù dúró. Lẹ́yìn òjò alẹ́, ẹsẹ̀ ògiri pálọ̀ á dúdú díẹ̀. Kí oòrùn tó kan orí, ó ti padà sí bó ṣe wà. Iyọ̀ díẹ̀ tó bá yọ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a dànù. Òórùn tó máa ń kí ènìyàn ní ẹnu ọ̀nà ti lọ.

Ní ti ọ̀ṣọ́ yòókù, díẹ̀ ni mo ṣe. Káfíńtà tún fèrèsé onípákó tó ń ṣí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ṣe dípò kí n fi alùmíníọ̀mù dí i, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń gbẹ ògiri ń gbà. Mi ò gba àjà P.O.P, mo fi àjà pákó sílẹ̀ bó ṣe wà, mo fi oògùn ikán pa á. Ilẹ̀ pupa ń dán pẹ̀lú pólíìṣì. Kọ́bọ́ọ̀dù àti àga kò gbọ́dọ̀ fara kan ògiri, mo fi àyè tó gba àtẹ́lẹwọ́ sáàárín wọn.

Owó: àpò láìmù tí mo fi kun gbogbo ìsàlẹ̀ kò tó iye garawa kan pẹ́ńtì gidi. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ló wọ́n, ẹ múra fún ìyẹn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ rọ ọ́ sínú ike, ẹ da omi bò ó lórí, ẹ dé e, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, á tilẹ̀ máa dára sí i. Èyí tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ nínú àpò tí ẹnu rẹ̀ là kò ní pẹ́ kú, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi kùn ún sára ògiri.