Sportster 56K fún láptọ́ọ̀pù àtijọ́: módẹ́ẹ̀mù gidi ni, iná àti okùn rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́

Ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù ayé ijọ́un tó ń lo Windows 98, tó sì fẹ́ kó fi dial-up (pípe nọ́ńbà lórí ìlà fóònù) wọ íntánẹ́ẹ̀tì bíi ti ìgbà yẹn, módẹ́ẹ̀mù (ẹ̀rọ tó ń gbé dátà gba ìlà fóònù) U.S. Robotics Sportster 56K ni kó wá, èyí tó dá dúró nínú àpótí tirẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn winmodem tí wọ́n kàn mọ́ inú láptọ́ọ̀pù máa ń di iṣẹ́ wọn ru prósẹ́sọ̀, bí dráífà wọn bá sì sọnù, wọn ò wúlò mọ́. Sportster kò nílò dráífà kó tó dáhùn: ẹ tẹ àṣẹ AT, á fèsì OK.

Bí ẹ bá rí i láàárín ẹrù tòkunbọ̀ ní Àkúrẹ́, ì báà jẹ́ ní Oyèmẹ́kùn tàbí lẹ́bàá FUTA, ṣájà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Iná AC ló ń jẹ, 9V, 1A. Kì í ṣe DC o. Ara AC yẹn ló ti ń yọ iná tó ju òdo lọ àtèyí tó rẹlẹ̀ sí òdo, ojú síríà (ibi tí okùn láptọ́ọ̀pù ń wọ̀) sì nílò méjèèjì. Ṣájà ráútà lè wọ ihò rẹ̀ rẹ́gí, síbẹ̀ DC ni, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ṣájà tó bá bá a ti Amẹ́ríkà wá, 120V ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá kì í bọ sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì wa láìsí stepdown, jíjó ló máa jó.

Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ ra tíránsífọ́mà 9-0-9 tó lè gbé 1A lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò. Okùn àárín àti okùn ẹ̀gbẹ́ kan péré ni kí ẹ lò, ìyẹn ló ń fún yín ní 9V. Bí ẹ bá mú okùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 18V ló máa wọlé, módẹ́ẹ̀mù náà sì lọ nìyẹn. Ẹ fi fíúsì sí apá tí iná ńlá ń gbà wọlé, kí ẹ sì fi mítà wọ̀n ọ́n kó tó kan módẹ́ẹ̀mù. Bí mítà bá fi 10 tàbí 11 hàn nígbà tí kò tíì gbé nǹkan kan, ẹ má bẹ̀rù.

Okùn ló kàn. Ojú síríà láptọ́ọ̀pù jẹ́ oní-pin 9, ti ẹ̀yìn Sportster jẹ́ oní-pin 25. Okùn tààrà ni ẹ máa rà, kì í ṣe null-modem tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀. Ẹ fi mítà tọpa rẹ̀: láti orí oní-9 sí orí oní-25, 2 gbọ́dọ̀ lọ sí 3, 3 sí 2, 5 sí 7, 4 sí 20, 7 sí 4, 8 sí 5. Wáyà mẹ́ta péré ló máa ń wà nínú àwọn okùn kan. Pẹ̀lú irú wọn, AT lè fèsì OK kí ọkàn yín balẹ̀, àmọ́ bí fáìlì bá ti ń ya wọlé, á máa bàjẹ́ lọ́nà, nítorí pin 7 àti 8 ti orí oní-9 ni wọ́n fi ń sọ fún ara wọn pé kí ẹnì kejì dúró ná.

Suwíìṣì kéékèèké mẹ́jọ wà lẹ́yìn rẹ̀. 3, 5 àti 8 wà nísàlẹ̀, àwọn yòókù lókè. Bí 8 bá wà lókè, kò ní ka AT sí rárá, ẹ ó sì rò pé ó ti kú. Ẹ wò ó kí ẹ tó dá a padà fún ẹni tó tà á.

Nínú BIOS (ètò tó ń ṣí kí Windows tó dé), ẹ jẹ́ kí COM1, ìyẹn ojú síríà náà, wà ní 3F8, IRQ 4. Bí infrared bá fẹ́ bá a du àyè, ẹ pa infrared. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Control Panel, Modems, Diagnostics, More Info, kí ẹ wo UART, ìyẹn ṣíìpù tó ń darí ojú síríà. Bó bá jẹ́ 16550A, ẹ fi pọ́ọ̀tù sí 115200. Bó bá jẹ́ 8250 tàbí 16450, ẹ má kọjá 19200, wọn ò ní àyè byte 16 tí 16550A fi ń tọ́jú ohun tó ń bọ̀. Nínú HyperTerminal, ètò Windows tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ sí módẹ́ẹ̀mù, ẹ tẹ AT&F1&W; &F1 ló ń tan RTS/CTS, ìyẹn iṣẹ́ pin 7 àti 8 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìlà fóònù wá ńkọ́? Wọ́n ti ta NITEL fún NATCOM, ẹ má wá wáyà rẹ̀ lọ. Grandstream HT802, àpótí kékeré tó ń ṣe bí ìlà fóònù, ni ká lò. Ihò fóònù méjì ló ní, ó ń dún bí ìlà gidi, ihò kan sì lè pe èkejì láìsí SIP (ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì). Sportster á wà ní ihò 1. Ní ihò 2, ẹ fi USR5637, módẹ́ẹ̀mù USB, tó so mọ́ Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré), tí mgetty tó ń gbé ìpè àti pppd tó ń so ìpè náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀, kí Pi máa gba dátà láti ara MiFi. Nínú ètò HT802, ẹ yan PCMU, ẹ fi jitter buffer sí Fixed, ẹ pa silence suppression, echo cancellation àti call waiting. Nọ́ńbà tí Windows máa pè ni ***702. Ẹ yọ àmì area code kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fi nọ́ńbà mìíràn ṣáájú rẹ̀. Bó bá ń sọ NO DIAL TONE, ẹ fi X3 sí Extra Settings.

56K tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ níbí. Àfi bí ẹni tí ẹ pè bá wà lórí ìlà onídíjítà. Láàárín módẹ́ẹ̀mù méjì báyìí, 33600 ni òpin, lójú tiwa sì rèé, 28800 tó dúró sójú kan sàn ju 33600 tó ń já lọ. AT&U6&N14 máa fi í sáàárín 9600 àti 28800. Fáìlì zip 1MB máa gbà tó ìṣẹ́jú 5. Bíráúsà ìgbà yẹn kò lè ṣí ọ̀pọ̀ ojúlé òde òní, àmọ́ FTP, telnet àti IRC ń lọ dáadáa. Lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ ATI6 kí ẹ wo iye retrains (ìgbà tí àwọn módẹ́ẹ̀mù ní láti tún bára wọn ṣàdéhùn); bó bá pọ̀, ẹ sọ &N14 di &N12.