Methotrexate àbí infliximab: èwo ni ká kọ́kọ́ lò fún làkúrègbé?

Làkúrègbé tí mò ń sọ kì í ṣe ti àgbà tí orúnkún rẹ̀ ti jẹ. Èyí tí ọmọ ogun inú ara ń bá oríkèé jà ni: ìka ọwọ́ méjèèjì á wú, èèyàn á jí láàárọ̀, kò ní lè dé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

Methotrexate kò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: lọ́sẹ̀! Ẹni tó bá ń gbé e mì lójoojúmọ́ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Wọ́n máa ń fi folic acid, oríṣi fítámì kan, tì í lẹ́yìn, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí ẹ̀dọ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Ó máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, ó lè tó oṣù méjì.

Infliximab ní tiẹ̀, London ni Marc Feldmann, onímọ̀ yàrá ìwádìí, àti Ravinder Maini, dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn, ti kọ́kọ́ dán an wò fún làkúrègbé ní 1992. TNF, ìránṣẹ́ tó ń dá wíwú sílẹ̀ nínú ara, ló ń gbá mú. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí, bíi wákàtí méjì lórí àga. Ó wọ́n gan-an, ó sì lè jí ikọ́ ife tó ti sùn.

Lójú tèmi, methotrexate ló yẹ kó ṣíwájú. Bí kò bá tó, infliximab á wá bá a. Kò ní lé e lọ, torí methotrexate ni kì í jẹ́ kí ara tètè kọ infliximab.