Dọ́sítà olówùú fún mọ́tò dúdú: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn ọyẹ́ méjì ní Kàbà

Ẹni tó bá fi wáàsì pa mọ́tò dúdú ní Kàbà nínú oṣù Kejìlá, kó má retí pé yóò dán mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọyẹ́ á ti da àtíkè lé e láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní omi tí wọ́n lè fi máa fọ mọ́tò lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ àkísà gbígbẹ tí àwọn èèyàn ń fi nù ún láàárọ̀ gan-an ló ń ba ọ̀dà dúdú jẹ́ jù. Àárín méjèèjì yìí ni dọ́sítà olówùú bọ́ sí: fọ́nrán òwú pupa tí wọ́n fi ìda páráfíìnì pa, tí wọ́n rán mọ́ orí igi tàbí ike, irú èyí tí California Car Duster sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ti ọjà lásán, tí kò lórúkọ, ni èyí tí à ń sọ níhìn-ín. Orí mọ́tò dúdú kan àti èyí tó jẹ́ búlúù tó kì la ti lò ó.

Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ oríṣi eruku mẹ́ta ló wà lágbègbè wa, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni dọ́sítà yìí wà fún. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yàtọ̀ á fi dọ́sítà tó dára ha mọ́tò rẹ̀.

Eruku ọyẹ́ ń ti apá Sàhárà wá, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Kó tó fò dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn hóró ńláńlá inú rẹ̀ ti já sílẹ̀ lọ́nà. Lẹ́búlẹ́bú ló kù. Èyí ni dọ́sítà mọ̀ ọ́n kó. Èkejì ni ti ilẹ̀ pupa. Kọnkéré ni ọ̀nà Ọbajànà, ìlú tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà, sí Kàbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí tírélà bá fi táyà kan etí ọ̀nà báyìí, ara ẹni tó wà lẹ́yìn ni ilẹ̀ pupa ń fọ́n sí, tòun ti iyanrìn inú rẹ̀. Hóró iyanrìn le ju irin ọ̀bẹ lọ, ká má tíì sọ ọ̀dà mọ́tò. Bí ẹ bá fi dọ́sítà wọ́ ọ kọjá, sáńpépà lẹ fi ń nu mọ́tò yín.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́búlẹ́bú sìmẹ́ǹtì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí i lóru, ó ti ń dì nìyẹn. Omi púpọ̀ ni kí ẹ dà sí i láti òkè, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà bí èépá funfun, ẹ po ife fíníígà funfun kan mọ́ ife omi kan, ẹ rẹ aṣọ sínú rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, kí ẹ tó ṣàn án dáadáa. Fíníígà á ṣí wáàsì ojú ibẹ̀ kúrò, nítorí náà ẹ ó tún ibẹ̀ nìkan pa.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó wà lórí mọ́tò láàárọ̀? Ẹ fi ìka bu díẹ̀ níbi tí wáípà wà, kì í ṣe lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi àtàǹpàkò rà á mọ́ ìka ìfábẹ̀là. Bó bá ń yọ̀ bí àtíkè, ẹ mú dọ́sítà. Bí ẹ bá gbọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ àwọ̀ ìka, bó ti wù kó kéré mọ, omi ni.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ yọ fọ́nrán kan kí ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á rùn bí bébà tó ń jó, á sì di eérú. Èyí tó bá yọ́ tó ká jọ bíi kókó líle, rọ́bà ni, kò lè mu ìda, á sì máa ti eruku kiri ni kàkà kó gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tíṣù funfun fún fọ́nrán rẹ̀: ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ kó hàn lára tíṣù, kì í ṣe aró pupa. Ẹ mú onígi bí ẹ bá rí i. Ọrùn oníke tiwa ti sán kí ọyẹ́ kejì tó parí, òun ló sì jẹ́ kí a yọ ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún.

Tuntun rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ sára mọ́tò lọ́jọ́ tí a rà á. Ìda rẹ̀ ṣì pọ̀ jù, á fi ìlà ọ̀rá gbọọrọ gbọọrọ sílẹ̀ lójú ọ̀dà dúdú. Ẹ na fọ́nrán rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn fún ọjọ́ méjì, ẹ yí i padà lọ́jọ́ kejì, kí bébà mu èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé dọ́sítà yìí kò dára, ibí yìí ni wọ́n ti fò kọjá.

Ní ti lílò, ara mọ́tò gbọ́dọ̀ gbẹ, kó sì tutù. Bí ìrì bá wà lórí rẹ̀, ẹ dúró. Ẹ gbọn dọ́sítà dáadáa níbi tó jìnnà sí mọ́tò, ìgbà mẹ́fà ó kéré tán. Òrùlé lẹ ó kọ́kọ́ ṣe, kó tó kan bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtù. Lára ilẹ̀kùn, ẹ má kọjá ìsàlẹ̀ ọwọ́ ìlẹ̀kùn, torí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni táyà ń ta iyanrìn sí. Ẹ jẹ́ kí dọ́sítà fi ìwúwo ara rẹ̀ nìkan sinmi, ẹ fà á lọ tààrà ní ọ̀nà kan, ẹ gbé e, ẹ gbọn án, kó tó kan ibòmíràn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì yí i po. Yíyípo yẹn ló ń bí àwọn ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn tí oòrùn máa ń tú àṣírí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kan gíláàsì iwájú: ọ̀rá á bò ó, wáípà á máa ké.

Ìkùukùu díẹ̀ á ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú aṣọ máíkrófáíbà, ẹ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì kó ní ojú mẹ́jọ, ẹ fín omi sí i kó rin díẹ̀, kí ẹ rọra fà á kọjá. Gbígbẹ kò dára. Ẹ̀yin náà mọ bí kóòmù ṣe ń fa irun àti ègé bébà nígbà ọyẹ́: bí a bá fi aṣọ gbígbẹ ra ọ̀dà, irú agbára yẹn là ń gbìn sí i, eruku tuntun á sì sáré wá lẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn kan ń sọ pé wáàsì ló ń pe eruku. Wáàsì tó nípọn ni. Carnauba, ìda tí wọ́n ń gbà lára ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil, a máa gbẹ le bí ẹ bá pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá kó o lé e, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rọ̀, á sì máa di eruku mú. Ẹ pa ibì kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró títí yóò fi ṣú, ẹ fi ìka fà á: bí ojú ibẹ̀ bá mọ́ láìfi ọ̀rá sílẹ̀, ẹ nù ún. Aṣọ kejì tó mọ́ ni kó parí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fín sí táyà kó lè dúdú náà máa ń ta sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, eruku sì fẹ́ràn rẹ̀. Ara fóòmù ni kí ẹ fín in sí.

Nígbà tí wọ́n bá ń sun igbó, tí eérú bá ń já bọ́ sórí mọ́tò, ẹ má gbé dọ́sítà o. Á fọ́ ọ mọ́lẹ̀ di ẹ̀gbin dúdú. Bákan náà, ẹ má da aṣọ ìbòmọ́tò bo eruku. Afẹ́fẹ́ á máa fi aṣọ yẹn ha ọ̀dà lóru ọjọ́ gbogbo.

Inú àpò ọ̀rá ló yẹ kí dọ́sítà máa wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú búùtù ní ọ̀sán. Páráfíìnì máa ń yọ́ láàárín ìwọ̀n ooru 46 sí 68 Sẹ́síọ́ọ̀sì, búùtù mọ́tò dúdú nínú oòrùn sì lè dé ibẹ̀. Á jò sí kápẹ́ẹ̀tì. Bó bá já bọ́ sílẹ̀ nínú iyanrìn lẹ́ẹ̀kan péré, kò gbọdọ̀ kan ọ̀dà mọ́, ẹ sọ ọ́ di ti ìdí ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ láé. Tiwa ti dúdú bí ìdí ìkòkò báyìí, ó sì ń kó eruku ju ìgbà tó pupa lọ.